Bí a ṣe ń wọn ìrù omi lẹ́yìn òpó: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ní odò nítòsí ní Àkúrẹ́

Omi tó bá kọlu òpó kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bó ti ń kọjá, òpó náà á gba díẹ̀ nínú eré rẹ̀. Ẹ̀yìn òpó á wá di ibi tí omi ti ń lọ́ra, tí ó ń pòyì, tí ó sì ń fẹ̀ sí i bó ti ń jìnnà. Ibi tó ń lọ́ra tó sì ń rú yìí ni mo ń pè ní ìrù omi. Ẹni tó bá wo bó ṣe ń fẹ̀ á ní ó ń dàgbà, ẹni tó bá wo bí òyì rẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ á ní ó ń kú lọ. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, nítorí ohun kan ṣoṣo ló ń fa fífẹ̀ àti kíkú yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n nìyẹn.

Mo kọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní FUTA, fún olùkọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́lé tàbí tó ń dáko ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó tó fẹ́ mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lẹ́yìn ògiri. Afẹ́fẹ́ àti omi ń tẹ̀ lé òfin kan náà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n omi ṣeé fojú rí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára òpó

Ara ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìrù, nítorí náà omi lè rọ̀ mọ́ ọn títí tó fi kọjá tán. Òpó, òkúta, ògiri àti ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó sún mọ́ ara òpó ti pàdánù agbára nínú fífara gbo ara òpó. Nígbà tó bá dé ibi tó yẹ kó yí sẹ́yìn, kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, á já kúrò. Lára òpó onígun mẹ́rin, etí igun ló máa ń já a, ibẹ̀ kò sì ń yí padà. Lára òpó róbótó, ibi ìjákúrò lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn, bí eré omi bá ṣe tó.

Osborne Reynolds, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní ọdún 1883 pé nọ́ḿbà kan lè sọ fún wa bóyá omi á ṣàn jẹ́jẹ́ tàbí á rú. Ẹ sọ eré omi di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú òpó, ẹ wá fi bí omi ṣe ki tó pín in. Fún omi tó móoru bí 25°C, iye kíki yẹn jẹ́ 0.0000009 ní ìwọ̀n mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá. Bí omi bá ń rin 0.25 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí páìpù sì fẹ̀ tó 0.05 mítà, nọ́ḿbà yín á tó 14,000. Nígbà tí nọ́ḿbà yìí bá wà ní nǹkan bí 5 sí 47, òyì méjì péré ló ń dúró jẹ́jẹ́ lẹ́yìn òpó róbótó. Tó bá kọjá 47, òyì á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Tó bá ti kọjá 200, ìrù náà á máa dàrú. Kò sí odò tí ẹ lè rí ní Àkúrẹ́ tí òpó inú rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n yẹn, nítorí náà ìrù tó ń rú gan-an ni ẹ máa bá pàdé.

Gbèsè tí kì í dín

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Agbára tí omi fi ń ti òpó ni òpó náà fi ń ti omi padà. Nítorí náà omi ẹ̀yìn òpó jẹ gbèsè eré: kò sáré tó omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ fi wé gbèsè tí bàbá kan fi sílẹ̀ fún ìdílé. Bí àwọn ọmọ tó ń pín in bá ṣe pọ̀ sí i ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i, ṣùgbọ́n àpapọ̀ gbèsè kò yí padà. Àwọn òyì ńláńlá tó wà létí ìrù ló ń fa omi tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ wọlé. Omi tuntun tó wọlé á gbà nínú gbèsè, ìrù á fẹ̀, ìlọ́ra àárín rẹ̀ á sì dín. Láàárín ìgbà yẹn, òyì ńlá ń fọ́ sí kékeré, kékeré ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí kíki omi á fi sọ agbára wọn di ooru. Rírú omi ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè eré kì í bá a kú. Ó kàn ń tàn kálẹ̀ ni.

Láti inú èyí ni òfin ìrù òpó gígùn ti jáde. Bí ẹ bá lọ jìnnà ní ìlọ́po 4, ìbú ìrù á di ìlọ́po 2, àdínkù eré ní àárín á sì di ìdajì. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni ẹ so sábẹ́ omi, tí omi lè gba orí, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ní láti lọ jìnnà ní ìlọ́po 8 kí ìbú tó di ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n nígbà yẹn àdínkù eré á ti já sí ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́. Ìdí ni pé gbèsè rẹ̀ ń tàn sí òkè àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe sí ọ̀tún àti òsì nìkan.

Wíwá ibi tó dára

Ẹ wá ibi tí omi ti ń ṣàn tààrà fún mítà 12 ó kéré tán, tó fẹ̀ tó mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Apá ibì kan lára odò Àlà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, omi kò tíì gbẹ, kò sì kún mọ́. Àwọn odò kéékèèké tó wà lọ́nà Ìdànrè tún mọ́ jù ú lọ. Àlà ń gba àárín ìlú kọjá, ó sì ń gbé ìdọ̀tí ìlú, ẹ má wọ̀ ọ́ láìwọ bàtà òjò tó ga, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ lókè lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Omi tó ń wá látòkè kì í kan ilẹ̀kùn.

Mo yan ìbú mítà 2 nítorí pé ìrù òpó tó fẹ̀ tó 5 sẹ̀ǹtímítà lè fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà láti etí dé etí tó bá fi rin mítà 10. Bí bèbè bá há jù, ìrù á kọlu bèbè, ohun tí ẹ wọ̀n kò ní jẹ́ ti òpó nìkan mọ́.

Àwọn irinṣẹ́

Páìpù onínṣì méjì kan, kí ẹ wọn ara rẹ̀ lóde dáadáa nítorí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ 5 sẹ̀ǹtímítà gérégé. Igi onígun mẹ́rin tó fẹ̀ bákan náà, ẹ lè rí i gbà lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Róòdù kan tí ẹ máa gún sí ìsàlẹ̀ odò kí páìpù lè wọ̀ ọ́ lórí, kó má baà mì. Téèpù, okùn funfun, fóònù tó ń ya fídíò, àti àpò lúbúlúbú igi gbígbẹ láti ilé-ìlagi.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni àwọn ègé igi tí ẹ máa jù sómi láti wọn eré. Ẹ gé wọn ní 2 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún lósì, ẹ kan ìṣó kan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa dán an wò nínú báàkẹ́ẹ̀tì títí igi náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Ègé igi tó léfòó pátápátá ń gbọ́ràn sí afẹ́fẹ́ ju omi lọ. Ẹ fi ọ̀dà pupa kun orí wọn kí fóònù lè rí wọn.

Ẹ kọ́kọ́ ka òyì

Ẹ fìdí páìpù múlẹ̀ lóòró. Ẹ wọn eré omi níbi tí òpó kò dé, nípa jíjẹ́ kí ègé igi rìn láàárín okùn méjì tó fi mítà 1 jìnnà síra. Bó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 4, eré yín jẹ́ 0.25.

Ẹ wá wọ́n lúbúlúbú igi díẹ̀ sórí omi níwájú òpó. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn òpó, láàárín ìlọ́po 1 sí 2 ìbú rẹ̀, ẹ máa rí lúbúlúbú tó ń ṣàn padà sápá òkè, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òpó. Apá yẹn kì í ṣe ìrù tó tíì dàgbà, ẹ má wọn eré níbẹ̀. Ẹ wo iwájú díẹ̀, òyì á máa já lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ní gbà-fún-mi-n-gbà-fún-ọ. Ẹ ka ti apá kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú kan.

Vincenc Strouhal, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1878, nígbà tó ń gbọ́ bí wáyà ṣe ń kọrin nínú afẹ́fẹ́, pé iye ìgbà tí ohùn yẹn ń mì bá eré afẹ́fẹ́ lọ. Fún òpó róbótó nínú irú omi tí à ń sọ yìí, ẹ sọ eré di púpọ̀ pẹ̀lú 0.2, kí ẹ fi ìbú òpó pín in. 0.2 × 0.25 ÷ 0.05 jẹ́ 1, ìyẹn ni pé òyì kan á máa já lápá ọ̀tún ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, 60 ní ìṣẹ́jú kan. Òpó onígun mẹ́rin tó kọjú gbagada sómi ń lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, 0.12 sí 0.13 ni tirẹ̀, nítorí náà ẹ máa ka nǹkan bí 37. Bí iye yín bá yàtọ̀ gidigidi, ó ṣeé ṣe kí òpó máa mì, tàbí kí omi má jìn tó. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Wíwọn ìbú àti àdínkù eré

Ẹ fa okùn gba orí omi kọjá ní mítà 2.5, mítà 5 àti mítà 10 lẹ́yìn òpó. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ fa okùn kejì ní 50 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀. Ẹ so bébà aláwọ̀ mọ́ okùn náà ní gbogbo 5 sẹ̀ǹtímítà láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ègé igi gbà kọjá.

Ẹnì kan á dúró sí bèbè pẹ̀lú fóònù lókè, ẹnì kejì á máa rọra tú ègé igi sílẹ̀ díẹ̀ ṣáájú okùn àkọ́kọ́. Kó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kó fi igi gígùn na ọwọ́ rẹ̀ dé àárín, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà jẹ́ òpó, ó sì ní ìrù tirẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wọn ìrù bàtà òjò ní odidi ọ̀sán kan láìmọ̀.

Ègé igi méjì tí a tú sílẹ̀ síbì kan náà kì í lo àkókò kan náà, nítorí omi tó ń rú ni. Ọ̀kan á bọ́ sínú òyì tó ń sáré, èkejì á bọ́ sínú èyí tó ń lọ́ra. Ẹ má bínú sí i. Ẹ tú ogún sílẹ̀ síbì kọ̀ọ̀kan ó kéré tán, kí ẹ kó àkókò wọn pọ̀, kí ẹ pín in dọ́gba. Ìyàtọ̀ tí à ń wá kéré: ní mítà 2.5, omi ìta á rin 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.0, omi àárín ìrù á rìn ín ní nǹkan bí 2.35. Ojú kò lè mú un, ṣùgbọ́n fídíò á mú un.

Ẹ yọ eré àárín kúrò nínú eré ìta, kí ẹ fi eré ìta pín in. Ìyẹn ni àdínkù eré. Ẹ wá wo bí ẹ ti gbọ́dọ̀ kúrò ní àárín tó kí àdínkù náà tó di ìdajì. Jíjìnnà yẹn ni màá máa pè ní ìdajì-ìbú. Ẹ má lo etí ìrù gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, nítorí etí yẹn ń wọlé ń jáde nígbà gbogbo. Omi jẹ́jẹ́ á wà níbẹ̀ báyìí, kó tó di pé ẹ ṣẹ́jú, òyì á ti gbà á.

Ohun tó yẹ kí ẹ retí nìyí, fún páìpù 5 sẹ̀ǹtímítà. Ní mítà 2.5, àdínkù tó nǹkan bí 15 nínú 100, ìdajì-ìbú tó 10 sẹ̀ǹtímítà. Ní mítà 5, nǹkan bí 11 nínú 100, àti 14 sẹ̀ǹtímítà. Ní mítà 10, nǹkan bí 8 nínú 100, àti 19 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò fún òpó mìíràn, ẹ sọ jíjìnnà sí òpó di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú òpó àti nọ́ḿbà ìdènà rẹ̀ (nọ́ḿbà tó ń sọ bí òpó náà ṣe ń dí omi lọ́wọ́ tó), ẹ tẹ √ lórí kàkúlétọ̀, kí ẹ pín èsì sí 4, ìdajì-ìbú nìyẹn. Nọ́ḿbà ìdènà jẹ́ nǹkan bí 1.2 fún òpó róbótó nínú irú omi yìí, àti nǹkan bí 2.1 fún onígun mẹ́rin. Ẹ rí i pé igun tó mú ń mú kí ìrù fẹ̀ kó sì lọ́ra sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpó méjèèjì fẹ̀ bákan náà.

Ìdánwò tó ń fi òtítọ́ hàn

Ẹ sọ àdínkù eré di púpọ̀ pẹ̀lú ìdajì-ìbú ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 0.15 × 9.7, 0.107 × 13.7, 0.076 × 19.4: gbogbo wọn ń sún mọ́ 1.5 sẹ̀ǹtímítà. Gbèsè náà nìyẹn. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 4, kí ẹ fi ìbú òpó pín in, ẹ ti rí nọ́ḿbà ìdènà òpó láìfọwọ́ kan òpó rárá. Láti inú rẹ̀ ẹ lè sọ agbára tí omi fi ń ti páìpù náà: nínú omi tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kò ju bí ìwúwo gíráàmù 57 lọ.

Nínú odò gidi, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti ń dùn. Bí àbájáde yín bá ń kéré sí i bí ẹ ti ń lọ sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ló ń bá òpó san gbèsè. Ilẹ̀ odò ń dí omi tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ju èyí tó ti lọ́ra lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn á sì máa parẹ́. Bí omi bá ṣe jìn kéré tó tí ìsàlẹ̀ sì kún fún òkúta tó ni èyí ṣe ń tètè hàn. Ní mítà 10 nínú omi tí kò jìn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó lè gbé ìdá mẹ́rin gbèsè lọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbájáde bá dúró tí ìbú sì ju ohun tí ìṣirò sọ lọ, omi tó ń bọ̀ láti òkè ti ń rú tẹ́lẹ̀, òyì tirẹ̀ ló ń bá ìrù fẹ̀. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo yìí á jẹ́ kí ẹ mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá wọn ìbú nìkan kò tíì wọn nǹkan kan.

Ẹ tún ya àwòrán ìlà: ìdajì-ìbú tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lápá òkè, jíjìnnà sí òpó nísàlẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ìlà tààrà. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó gan-an, ó lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìrù gba àyè díẹ̀ kó tó ṣètò ara rẹ̀. Ẹ má fipá mú un kọjá òdo.

Bó ṣe kan afẹ́fẹ́ àyíká wa

Nígbà tí àwọn ohun tó dúró gbagidi bá tò tẹ̀ lé ara wọn, èyí tó wà lẹ́yìn ń gba ìrù èyí tó wà níwájú. Ní Ferrybridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìtutù ńlá 8 (ilé gogoro tí wọ́n fi ń tu omi gbígbóná) tó ga ju mítà 110 lọ ló wà nígbà kan ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1965, ìjì wó 3 nínú wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló wó, nínú afẹ́fẹ́ tó ń rú tí àwọn iwájú fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó bá ń to táńkì omi ńlá sórí òpó irin kò gbọdọ̀ rò pé èyí tó wà lẹ́yìn ti rí ààbò. Eré afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè dín, kí mímì rẹ̀ sì pọ̀.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ló ká mi lára jù. Ẹ̀yìn ilé níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ tààrà dà bí ibi tó fọkàn balẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń padà sẹ́yìn lọ bá ògiri àti fèrèsé, ó sì lè gùn tó ìlọ́po 2 gíga ilé tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí ilé bá fẹ̀. Èéfín tó bá wọ ibẹ̀ ń wọ yàrá, gáàsì inú rẹ̀ tó ń pani kò sì ní òórùn. Ẹ so rìbọ́ọ̀nù fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí igi, kí ẹ rìn kúrò lẹ́yìn ilé díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí rìbọ́ọ̀nù bá ṣì ń nà sí ìhà ilé, ẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà ti ń wá, nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni, nítorí náà kò sí ẹ̀gbẹ́ ilé kankan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yípo. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí gbogbo fèrèsé, ẹ má gbé e sí fàráńdà láé.

Fún àgbẹ̀ tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì máa ń wó o, ògiri tó dí pátápátá kọ́ ni ààbò tó dára jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń pòyì burúkú nítòsí, afẹ́fẹ́ sì ń tètè padà sílẹ̀. Ọ̀wọ́ igi tí afẹ́fẹ́ ń rí bíi ìdajì gbà kọjá dára jù: afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó la àárín rẹ̀ kọjá kì í jẹ́ kí òyì ńlá lè para pọ̀, ìrù rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń nà jìnnà. Ààbò tó ṣeé fojú rí ń dé nǹkan bí ìlọ́po 10 gíga igi náà, nítorí náà igi tó ga mítà 5 lè bo mítà 50. Ẹ gbìn ín ní ìhà tí ìjì ti sábà ń wá sí oko yín, kí ẹ má sì fi àlàfo ńlá sáàárín, torí pé inú àlàfo yẹn ni afẹ́fẹ́ á ti sáré ju ti ibi tí igi kankan kò sí lọ.